Èémí Mẹ́rìndínlógójì

Mẹ́rìndínlógójì.

Mo wo aago tó so mọ́ àyà mi, mo tún gbé ọwọ́ lé ìhà ọkùnrin náà, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rìndínlógójì náà ni. Mo tún tẹ̀ ẹ́ sójú dígí tó wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Iná pupa tàn.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," Olùṣọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gbogbo ilé ìwòsàn wa, wí láti òkè àjà. Ohùn rẹ̀ máa ń dùn bí ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. "Àṣìkà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

"Mi ò ṣì í kà."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Bí ẹ bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀kẹta, a ó ní kí ẹ lọ sinmi."

Sinmi kẹ̀! Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi nílé ìwòsàn wa. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì Títílọlá lọ sinmi lọ́dún tó kọjá. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, kò sí ilẹ̀kùn kan nínú ìlú tó mọ ìka rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó sì ṣe ò ju pé ó sọ fún Olùṣọ́ pé ojú aláìsàn kan ò dáa, ọkàn òun ò sì balẹ̀. Olùṣọ́ bi í pé kí ni wọ́n fi ń wọn ojú tí ò dáa.

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lójú dígí.

Orúkọ ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni Adéoṣun, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tó ń tún àgbá omi òjò ṣe lórí òrùlé. Ó ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, páànù sì ya á ní iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ náà, ó gbẹ, ó mọ́, kò rùn. Ìyàwó rẹ̀, Mojírádé, jókòó tì í, ó ti di ẹrù wọn sínú àpò kan, ó fi bàtà ọkọ rẹ̀ lé e lórí.

"Mà, ara mi..." ọkùnrin náà mí. "Ara mi ti yá. Mo fẹ́..." Ó tún mí. "Mo fẹ́ máa lọ sílé."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró kí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn tó tán lẹ́nu rẹ̀.

Agogo oòrùn ti lù láti aago mọ́kànlá. Wọ́n ti fi irin ti gbogbo fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi awọ ara síta títí di aago mẹ́rin. Bí aago mẹ́rin bá lù, mọ́tò ìdánilé á dé sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì kó gbogbo ẹni tí iná orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé lọ sílé. Iná orí Adéoṣun ti di àwọ̀ ewé láti àárọ̀. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo wí yìí. Abúlé tí wọ́n ti gbé e wá, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kì í mí kọjá ogún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kò sáré, tí ẹ̀rù ò bà á, tó wá ń mí mẹ́rìndínlógójì, nǹkan ń lé e nínú. Ọgbẹ́ lè gbẹ lójú kí ìdọ̀tí rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èémí ló máa ń kọ́kọ́ pariwo. Bí àwọn tó kù bá fi máa pariwo, ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ti pẹ́ jù.

"Olùṣọ́, ka ti ọkùnrin yìí fún mi."

"Ọkàn, méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó dára. Ooru ara, ó dára. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dára. Aláìsàn yìí ń lọ sílé, mà."

Báwo ni ọkàn rẹ̀ á ṣe sáré? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò láti ọdún mẹ́fà ló so ọkàn náà mọ́lẹ̀. Oògùn ibà tí wọ́n fún un láàárọ̀ ló sì bo ooru ara rẹ̀. Ìgbànú tó wà níkùn rẹ̀ ń wọn gbogbo ìyẹn, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun. Èémí nìkan ni ìgbànú kì í wọ̀n. Òfin ló fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ nọ́ọ̀sì, àwa náà la sì jà fún un. Lọ́dún tí wọ́n gbé Olùṣọ́ dé, ẹgbẹ́ wa yan káàkiri ìlú títí bàtà fi já mọ́ wa lẹ́sẹ̀. A ní kí wọ́n fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n má sọ wá di ẹni tó kàn ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ó dáa, ẹ máa mú èémí. A jó lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo jó.

Adúnọlá súnmọ́ mi. Òun ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn mi ní wọ́ọ̀dù, ọdún kejì rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó mọ́ra, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá níṣẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Mojírádé má bàá gbọ́.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́. Bí mo bá ti kọ ogún, á gbà á lẹ́sẹ̀kan náà."

"Ogún kẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ ní ogún?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ ní oúnjẹ jíjẹ. "Gbogbo èèyàn ni, mà. Ogún ni gbogbo wa ń kọ. Bí èèyàn bá kọ ogún, iná kì í pọ́n."

Mo ní kó lọ bá mi bu omi wá, kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí, mo kàn fẹ́ kó kúrò níwájú mi ni.

Èmi Ìbídùn Àjàgbé ni wọ́n kọ́ ní ogún. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà. Nọ́ọ̀sì kan, bẹ́ẹ̀dì méjìlélógójì. Iná ò sí, omi ò sí, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹni tó ń bì wà lápá òsì, ṣáàtì, ìwé ìtọ́jú aláìsàn, sì ń dúró kí a kọ ọ́. Ta ló fẹ́ jókòó ka èémí èèyàn méjìlélógójì fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan? Ọ̀gá mi wá fi hàn mí: kọ ogún fún gbogbo wọn, ọmọ mi, kí o sáré lọ bá ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ogún ò dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà tó bá rí ogún kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, tí ẹni tó tẹ̀ lé mi kọ ọ́, tí gbogbo ilé ìwòsàn ilẹ̀ yìí kọ ọ́ fún ogójì ọdún.

Ṣáàtì ogójì ọdún yẹn náà ni wọ́n sì kó fún Olùṣọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó yè, ogún. Ẹni tó kú, ogún. Olùṣọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tí a fi bọ́ ọ ló ń bì. Ó ti kọ́ ọ pé èémí ọmọ ènìyàn kì í yàtọ̀, pé ẹni tó bá mú iye mìíràn wá, ó ní láti jẹ́ pé ó ṣì í kà.

Háà, Ìbídùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ni mo dúró sójú ọ̀nà níbi tó ti bá a yìí.

Mo gbé ọwọ́ lé òǹtẹ̀ ọrùn mi.

Bàbà pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Òǹtẹ̀ Ìdáṣe ni wọ́n ń pè é, àwa mẹ́ta péré la ní in nílé ìwòsàn yìí. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ aṣáájú kí wọ́n tó kọ́ ọ sí mi lọ́rùn. Wọ́n pe àpéjọ, àwọn ọlọ́lá sọ̀rọ̀ gígùn nípa nọ́ọ̀sì tó lè dá dúró, tó lè fi làákàyè ara rẹ̀ ṣe ìpinnu láìtọrọ àyè. Mo juwọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí, mi ò lò ó rí. Ọ̀ṣọ́ ni mo fi ń ṣe.

Ìdí tí mi ò fi lò ó kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó bá tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi tako Olùṣọ́, níwájú ẹlẹ́rìí méjì, nọ́ọ̀sì kan àti ẹbí aláìsàn. Olùṣọ́ gbọ́dọ̀ lè yẹ ìdí náà wò. Bó bá rí i pé òótọ́ ni, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn á ṣí, dókítà inú ògiri, tó ń yọjú sí wa lójú dígí láti ọ̀nà jíjìn, á jí. Bó bá rí i pé kì í ṣe òótọ́, òǹtẹ̀ á kú, ẹni tó ni ín á sì lọ sinmi. Ohun tí o bá sì fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ níbẹ̀, òfin lè fi mú ọ.

Bí ọwọ́ mi ṣe kan bàbà náà, wọ́n ti mọ̀ lókè. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù fi ṣí, tí Mátírọ́ọ̀nù Fẹhíntọlá wọlé.

Òun ni olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà, òun ló sì kọ́ òǹtẹ̀ yìí sí mi lọ́rùn. Òun náà ló kọ́ mi ní ogún. Ó ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́rin, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé ẹnìkan ń fi igi nà á lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ mi kú, ilé rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bu oúnjẹ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé obìnrin burúkú ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó kí Mojírádé, ó kí aláìsàn, ó fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ wà lọ́rùn?"

"Mẹ́rìndínlógójì ló ń mí, mà."

Ó wo ọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kò nílò aago. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀.

"Wá ìdí mìíràn," ó wí. "Sọ pé ọgbẹ́ rẹ̀ ń rùn."

"Kámẹ́rà ti wo ọgbẹ́ náà, kò sí ohun tó ṣe é. Á ní irọ́ ni mo pa, òǹtẹ̀ á kú, ọkùnrin yìí á sì wọ mọ́tò."

"Sọ pé àyà ń dùn ún."

"Mà, wọ́n á bi òun fúnra rẹ̀, á ní ara òun ti yá. Ilé ló fẹ́ lọ."

Ó wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìbídùn, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ. Máa gbọ́. Ogún yẹn kì í ṣe ti ìwọ nìkan. Bí o bá la ẹnu ẹ, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn mi ìwọ, lẹ́yìn ẹ gbogbo ọmọbìnrin tó wà nílé ìwòsàn yìí, títí dórí Adúnọlá tí kò tíì gbé ọdún mẹ́ta níbí. Ta ló máa wá tọ́jú àwọn tó kù? Àga ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé aláìsàn tó wà níwájú ẹni ni ká kọ́kọ́ wò."

"Má fi ọ̀rọ̀ mi bú mi!" Ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi ni mo bò ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ì bá ti pa ẹ́ jẹ. Ṣé o ti gbàgbé bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni?"

Mi ò gbàgbé. Ṣé nǹkan tí èèyàn ń gbàgbé nìyẹn? Mo ti ń sá fún bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, ó bọ́ sí mi lọ́kàn pé òun nìkan ni ẹ̀rí tí Olùṣọ́ lè yẹ̀ wò.

Mátírọ́ọ̀nù rí i lójú mi pé mo ti rí nǹkan. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì."

Bí ó bá pàṣẹ fún mi ni, ì bá rọrùn. Ó bẹ̀ mí ni. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ń gbọ́ ọkùnrin yẹn, hẹ̀ẹ́, hẹ̀ẹ́, hẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń gun òkè tí kò lópin lórí ìdùbúlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà," ni mo wí, mo sì yọ ọwọ́ mi.

Mo pe Adúnọlá. Mo pe Mojírádé. Mo ní kí wọ́n fi ìka lé dígí bí òfin ṣe wí. Mojírádé bi mí bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ sílé lónìí, nítorí bó bá lọ, mi ò rò pé yóò padà. Ó fi ìka lé dígí láìbèèrè mọ́. Mo tẹ òǹtẹ̀ náà.

Gbogbo iná wọ́ọ̀dù di funfun.

"Nọ́ọ̀sì Ìbídùn Àjàgbé ti dá ìpinnu ṣe," Olùṣọ́ wí. "Ẹ kú ìgboyà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdí yín?"

"Èémí ọkùnrin yìí jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. O ò gbà mí gbọ́ nítorí pé ogún lo rí nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fún ẹ. Ogún yẹn, irọ́ ni. A ò kà á. A kàn ń kọ ọ́ ni."

Adúnọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Mátírọ́ọ̀nù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó kàn jókòó ṣáá.

"Ìdí yìí wúwo, mà. Kí ni a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Lọ wo ìwé wọ́ọ̀dù obìnrin, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Wo aago tí dókítà kọ pé aláìsàn kú. Lẹ́yìn náà, wo ohun tí mo kọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó sọ ọ́. Lójú ọjọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí débi pé ògiri ń yí. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo jókòó, mo kọ ṣáàtì gbogbo wọ́ọ̀dù títí dé aago méjì ọ̀sán, kí ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè rọ́wọ́ mí. Ogún, ogún, ogún, láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé ìkẹyìn. Inú rere ni mo pè é. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, dókítà yí wọ́ọ̀dù dé bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ó gbé aṣọ sókè, ó sì kígbe. Mátírọ́ọ̀nù ló gba ṣáàtì náà lọ́wọ́ mi kí dókítà tó rí i, ó fi há àárín àwọn yòókù. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wò ó mọ́ láyé.

Olùṣọ́ ti rí i. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ó ṣì dùn bákan náà.

"Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Orúkọ, Àbẹ̀kẹ́ Olóyèdé, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ó kú, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Èémí, aago mẹ́wàá, ogún. Èémí, aago méjìlá, ogún. Èémí, aago méjì, ogún. Ọwọ́ yín ni, mà. Òkú kì í mí. A gba ìdí yín."

Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn là gbàgà.

Mi ò ráyè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́, ìṣẹ́jú là ń kà fún un, a kì í ka wákàtí. Mo ké sí Adúnọlá, ó já wá bí ọta. A gún un nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, a gba ẹ̀jẹ̀, a so omi mọ́ ọn, mo fúnra mi ti oògùn tó ń pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọlé kíákíá. Dókítà inú ògiri jí, obìnrin kan tí irun rẹ̀ rí wúruwùru, ó wo èsì ẹ̀jẹ̀ náà, ó fa ojú ro.

"Ta ló rí èyí?"

"Nọ́ọ̀sì ni, mà," Adúnọlá dá a lóhùn.

"Bó bá wọ mọ́tò aago mẹ́rin, òkú ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀." Ó pàṣẹ oògùn kejì, mo ti gbé e lọ́wọ́ kó tó sọ tán.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí irin fèrèsé ká sókè, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, Adéoṣun ń mí méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n ó ti yí orí sí ọ̀nà tó dáa. Mọ́tò ìdánilé dé, ó kó àwọn tó kù, ó lọ. Mo fara ti ògiri. Inú mi dùn, ẹ gbọ́, mi ò ní purọ́. Ó dùn débi pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mátírọ́ọ̀nù ò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ bí àwọn ilẹ̀kùn ṣe ń tì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wá yíjú sí Mojírádé pé kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò kúrò níbi tó ti fi ìka lé dígí. Ìka rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá ojú ẹlòmíì nínú ojú mi.

"Àbẹ̀kẹ́ Olóyèdé," ó wí, "ìyá tó bí mi nìyẹn."

Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Mo gbé ẹ̀kọ wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Mo ní màmá ń mí kíákíá. Nọ́ọ̀sì kan fi ìwé hàn mí. Ó ní wò ó, ogún ni, ara ìyá ẹ ti balẹ̀, máa lọ kọ ìdánwò ẹ. Mo sì lọ. Mo ń kọ ìdánwò nígbà tó kú. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló gbé mi kúrò níbẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mi ò rántí ọmọbìnrin kankan. Ìyẹn ló burú jù. Mo wá a kiri nínú orí mi, aṣọ ilé ìwé, abọ́ ẹ̀kọ, mi ò rí i. Ọwọ́ mi nìkan ni mo rí, tó ń kọ̀wé.

"Èmi ni," mo wí.

"Ṣé ẹ kà á?"

Ó ṣeé ṣe kí n sọ pé mo kà á láàárọ̀ yẹn, kí n tó kọ àwọn tó kù. Kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́. Ó ṣeé ṣe kí Mojírádé rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Mi ò kà á," mo wí. "O sọ fún mi pé ó ń mí kíákíá, mi ò sì wò ó."

Kò pariwo. Kò gbá mi létí, ì bá sì wù mí kó gbá mi. Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lójú dígí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ́yìn sí mi, ó kẹ́yìn sí Adúnọlá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè fúnra rẹ̀. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

"Ẹ ṣeun, mà," Olùṣọ́ wí fún mi láti òkè. "Ìwé tó ní ogún láti ọwọ́ yín ṣì ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. A ó gbé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe kúrò. Bẹ́ẹ̀dì kẹwàá, ọjọ́ kan náà. Ṣé ẹ kà á?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Mojírádé ń kà lọ, kò wẹ̀yìn. Ọ̀kàndínlógún. Ogún. Ọ̀kànlélógún.